Ta ni olóòtú jọ́nà ìṣègùn eré ìdárayá jẹ ní gbèsè?

Ẹ ní wọ́n ti pè yín láti wá di ọ̀kan lára àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn eré ìdárayá, ẹ sì fẹ́ mọ ohun tó já lé yín léjìká yàtọ̀ sí kí ẹ máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò; ẹ tún béèrè bóyá ẹ lè bójú tó iṣẹ́ tí ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́ bá fi ránṣẹ́. Mo ti wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún ní jọ́nà kan tí n kò ní dárúkọ, ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni n ó sì fi dá yín lóhùn. Eléré ìdárayá tí wọ́n fi ara rẹ̀ ṣèwádìí ni olóòtú jẹ ní gbèsè jù lọ, ṣáájú òǹkọ̀wé àti ilé ìtẹ̀wé, nítorí pé òun nìkan ni kì í sí níjòkòó nígbà tí a bá ń jíròrò lórí iṣẹ́ náà.

Dókítà ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa nígbà kan lórí bí àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣe ń fi orúnkún ṣèṣe. Ìṣirò rẹ̀ péye, àwọn méjèèjì tó yẹ̀ ẹ́ wò sì ní kí a gbà á. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tábìlì àkọ́kọ́ to àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ orí, ipò tí ó ń gbá, oṣù tó ṣèṣe, iye ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ìlà kan jẹ́ ti aṣọ́lé tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Aṣọ́lé mélòó ni ẹgbẹ́ kan ń ní? Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́ líìgì náà lórí rédíò yóò mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹgbẹ́ mìíràn tó ń ronú láti rà á yóò sì mọ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ ìwádìí lórí ibà ni, yíyọ orúkọ kúrò lè tó láti bo aláìsàn láṣìírí; ti eléré kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìṣojú gbogbo ayé ló ti ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

Mo tún béèrè bí wọ́n ṣe gba ìyọ̀ǹda. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ti fọwọ́ sí ìwé lóòótọ́, àmọ́ dókítà tó gbé ìwé náà síwájú wọn ló tún ń sọ fún kóòṣì ẹni tí ara rẹ̀ le tó láti wọ pápá. Agbábọ́ọ̀lù wo ni yóò wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú, tí yóò ní òun kò fẹ́? A ní kí ẹni tí kò sí lábẹ́ ẹgbẹ́ náà lọ gba ìyọ̀ǹda mìíràn lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì pa àwọn ìlà inú tábìlì pọ̀ tí a kò fi ní lè dá ẹnì kan mọ̀.

Inú òǹkọ̀wé kò dùn, wọ́n sì rán àgbà sí mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì, tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, pè mí lórí fóònù, ó ní kí n wo ojú òun, pé ìgbéga ọmọ náà lẹ́nu iṣẹ́ wà lórí iṣẹ́ yìí. N kò bá a jiyàn. Mo kí i dáadáa, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé bí ẹ̀sùn bá wà, kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olóòtú àgbà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo kọ ìpè náà sílẹ̀, tí mo fi sínú fáìlì iṣẹ́ náà. Àárín èmi àti bàbá náà kò gún mọ́ láti ìgbà yẹn, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ṣùgbọ́n aṣọ́lé náà kò ní àgbà kankan tí yóò rán sí mi.

Ojúṣe yìí kì í parí nígbà tí iṣẹ́ bá jáde. Ní 2017, British Journal of Sports Medicine gbé iṣẹ́ Stéphane Bermon àti Pierre-Yves Garnier jáde, tó so ìwọ̀n testosterone (èròjà inú ara tó máa ń pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ) nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin mọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí lórí pápá. IAAF, àjọ tó ń darí eré orí pápá lágbàáyé, tí wọ́n ń pè ní World Athletics báyìí, ni àwọn méjèèjì ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n ní àwọn tí testosterone wọn pọ̀ jù fi ìdá 1.8 nínú 100 ta àwọn tí tiwọn kéré jù yọ nínú eré 800 mítà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, IAAF gbé òfin kalẹ̀ fún eré 400 mítà títí dé máìlì kan, pé àwọn obìnrin kan tí testosterone wọn pọ̀ gbọ́dọ̀ dín in kù kí wọ́n tó lè sá a, iṣẹ́ yìí sì wà lára ohun tí wọ́n gbé e lé. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta mìíràn, Roger Pielke, Ross Tucker àti Erik Boye, rí díẹ̀ gbà lára dátà náà, wọ́n bá àwọn àkókò eré tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n fagi lé iṣẹ́ náà. Wọn kò fagi lé e. Oṣù Kẹjọ 2021 ni àtúnṣe tó jáde, tó jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ náà kò fi ẹ̀rí hàn pé testosterone ló fa ìyàtọ̀ náà, àti pé ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ́ lè ṣini lọ́nà. Òlíńpíìkì Tokyo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà. Caster Semenya, Francine Niyonsaba àti Margaret Wambui, tí wọ́n gba ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta nínú 800 mítà ní Rio ní 2016, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè sá eré náà níbẹ̀.

N kò sọ pé àtúnṣe tó bá yá ni ìbá yí òfin náà padà. Òótọ́ sì ni pé kò ṣeé ṣe láti gbé irú dátà bẹ́ẹ̀ síta fún gbogbo ayé, nítorí pé àkókò tí ènìyàn fi sáré ní ìdíje àgbáyé ti tó orúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti aṣọ́lé inú tábìlì. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí yóò fi iṣẹ́ náà ṣòfin ló ń san owó oṣù àwọn tó kọ ọ́, olóòtú lágbára láti yan onímọ̀ ìṣirò kan tí kò bá ẹnikẹ́ni tan, kí ó yẹ gbogbo dátà wò ní ìkọ̀kọ̀ kí iṣẹ́ tó jáde.

Ní ti ọ̀gá yín, ẹ má fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó ṣí fáìlì náà rárá ni kí ẹ ti kọ̀wé sí olóòtú àgbà pé ẹni náà ló kọ́ yín, kí ó gbé e fún ẹlòmíràn. Paul McCrory jẹ́ olóòtú àgbà jọ́nà tí mo dárúkọ lókè yìí láti 2001 dé 2008. Ọ̀rọ̀ olóòtú kan tó kọ sínú rẹ̀ ní 2005, tí nǹkan bí ìdajì rẹ̀ wá láti inú àpilẹ̀kọ ẹlòmíràn, Steve Haake, wà níbẹ̀ títí di 2022 kí wọ́n tó fagi lé e. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n tún fagi lé 9 mìíràn tó kọ. Nítorí náà, kí ẹ tó gba ipò yìí, ẹ béèrè ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ olóòtú àgbà fúnra rẹ̀ wò bí ó bá kọ nǹkan sínú jọ́nà náà, àti ibi tí ẹ̀sùn ń lọ bí ó bá jẹ́ òun ni wọ́n fi sùn. Bí wọn kò bá lè kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé fún yín, ẹ má tíì gbà.