Ẹ gba iṣẹ́ náà, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ họ́kì gbá

Ìyá tó kọ̀wé láti Alberta ní Kánádà, ẹ ní ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín tí ọmọ yín ọlọ́dún 8 fẹ́ wọ̀ ń wá òbí tí yóò yọ̀ǹda ara rẹ̀, àti pé ẹ̀rù ń bà yín nítorí ẹ kò fẹsẹ̀ tẹ yìnyín rí. Èrò tèmi ni pé kí ẹ gbà á. Ìbàdàn ni mo ti wá, mo sì ti pé ọmọ ọdún 36 kí n tó kọ́kọ́ wọ bàtà síkéètì, èyí tó ní irin lábẹ́ fún rírìn lórí yìnyín. Síbẹ̀ ọdún 9 ni mo fi sin àwọn ọmọ ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ yín yẹn, nídìí họ́kì nígbà òtútù àti bésíbọ́ọ̀lù nígbà ooru.

Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi ni dída omi sí pápá ìta gbangba lóru, kí ó lè di yìnyín tí àwọn ọmọ yóò gbá họ́kì lé lórí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, otútù mú mi, mo sì kánjú. Mo da omi púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n lè tètè padà sílé. Òkè rẹ̀ dì, ìsàlẹ̀ kò dì, àlàfo sì wà láàárín wọn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ ọmọkùnrin kan wọlé bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ èèpo ẹyin, ó sì ṣubú tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ fi wú. Bàbá àgbàlagbà kan tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà kí n tó dé ìlú kò bú mi. Ó gba rọ́bà omi lọ́wọ́ mi, ó fi hàn mí bí omi ṣe gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, kí ó sì dì délẹ̀ kí a tó tún da òmíràn lé e. Bàbá yìí kan náà ló ń pọ́n irin bàtà àwọn ọmọ, tó sì ń tọ́jú àwọn ohun èlò àlòkù sínú gáréèjì rẹ̀, láìgba kọ́bọ̀.

Ohun èlò yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí họ́kì wọ́n. Akoto, bàtà, ìbọ̀wọ́, ààbò èjìká, ààbò ojúgun àti ọ̀pá ni òbí yóò kọ́kọ́ rà, owó ìforúkọsílẹ̀ ṣì wà níwájú, bẹ́ẹ̀ bàtà tó bá ọmọ mu lọ́dún yìí kì í sábà gba ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. A máa ń gba àlòkù lọ́wọ́ àwọn òbí bí sáà bá ti parí nígbà ìrúwé, a ó sì pín in kí sáà mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. Akoto nìkan ni a kì í gbà láìyẹ̀ ẹ́ wò: bí ó bá sán, tàbí tí àmì CSA, àjọ tó ń yẹ ojúlówó ohun èlò wò ní Kánádà, kò sí lára rẹ̀, a ó dà á nù.

Ẹ má sì rò pé ọmọ yín ti pẹ́ jù. Jarome Iginla, gbajúgbajà agbá-họ́kì, tí orúkọ bàbá rẹ̀ jẹ́ igi ńlá gan-an, tí Adékúnlé sì wà lára orúkọ tirẹ̀, ti pé ọmọ ọdún 7 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ họ́kì ní St. Albert lẹ́bàá Edmonton. Ó ń gbá bésíbọ́ọ̀lù pẹ̀lú, ní 2002 ó sì gba wúrà Òlíḿpíìkì nídìí họ́kì fún Kánádà ní Salt Lake City.

Àṣìṣe tí mo ṣe nídìí bésíbọ́ọ̀lù ni ó dùn mí jù. Ní ọdún kẹta mi, mo jẹ́ kí ọmọ ọdún 11 kan máa ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó fẹ́ fi ọ̀pá gbá a lọ títí, nítorí pé àwa là ń borí. Láti 2007 ni Little League, àjọ bésíbọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé, ti ń ka iye ìgbà tí ọmọ bá jù ú: 75 lóòjọ́ ni òpin fún ọlọ́dún 9 àti 10, 85 fún ọlọ́dún 11 àti 12, ẹni tó bá sì ju 66 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ sinmi fún ọjọ́ 4. Mo mọ òfin náà. Ẹni tó yẹ kó máa kà kò wá lọ́jọ́ náà, èmi náà kò sì kà. Lọ́jọ́ kejì ọmọ náà kò lè gbé apá sókè, dókítà sì ní kí ó má fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù mọ́ títí ìgbà ooru yẹn yóò fi parí. Mo lọ sílé wọn lọ bẹ̀bẹ̀. Ìyá rẹ̀, tí kò mọ ohunkóhun nípa bésíbọ́ọ̀lù, ní òun yóò máa wá kà á fúnra òun. Ó gbé àga àti ìwé wá sí gbogbo ìdíje lẹ́yìn ìyẹn, bí ó bá sì ti ké iye náà jáde, mo gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹni tó ń jù ú, ibi yòówù kí ìdíje dé. Kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá kankan nínú wa tó wúlò fún apá àwọn ọmọ wọ̀nyẹn tó obìnrin yẹn.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ sí ìpàdé wọn, ẹ béèrè fún títọ́jú ohun èlò tàbí ṣíṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọ tó ń wọlé tó ń jáde níbi ìjókòó wọn. Ẹ tètè lọ gba ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá pé ẹ kò hu ìwà ọ̀daràn rí, nítorí ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn kò sì ní jẹ́ kí ẹ sún mọ́ àwọn ọmọ kí ó tó jáde. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì.