Èsì: Bí ẹgbẹ́ ṣe lè jọ jẹun ní ilé oúnjẹ láìsí ìjà owó

Ẹ kú ètò o. Ẹ béèrè bí nǹkan bí 20 ọmọ ẹgbẹ́ yín ṣe lè jọ lọ jẹun ní ilé oúnjẹ láìsí wàhálà. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ owó ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú, nítorí òun ni ó sábà máa ń dá aáwọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tí oúnjẹ bá tán. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé oúnjẹ náà bóyá wọ́n lè ṣírò owó ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí wọn kò bá gbà, ẹ ní kí wọ́n ṣètò oúnjẹ oníye owó kan pàtó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo yín sì dáwó náà sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Kí ẹ yọ owó ọtí kúrò nínú rẹ̀ o, torí kò tọ́ kí ẹni tí kì í mutí máa sanwó ọtí ẹlòmíràn. Ẹ wádìí oúnjẹ tí ara ẹnì kọ̀ọ̀kan yín kò gbà, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ilé oúnjẹ náà. Àárín ọ̀sẹ̀ sàn ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ, nítorí èrò kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, ẹ ó sì lè gbọ́ ohùn ara yín. Bí ó bá ku ọjọ́ méjì, ẹ tún iye àwọn tó ń bọ̀ kà, kí ẹ sì fi tó ilé oúnjẹ náà létí.