“Bí owó bá tán, màá transfer”: àbúrò, dúró ná

Àbúrò, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ. O ní fásitì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ ní Agric, ti aládàáni kan sì fún ẹ ní Computer Science tó wà lọ́kàn rẹ, àbúrò bàbá rẹ tó wà ní Houston sì ti ní òun á máa sanwó. O wá ń béèrè èwo nínú méjèèjì ni àwọn agbanisíṣẹ́ ń kà sí jù. Ìyẹn yé mi. Ibi tí ara mi ti bù máṣọ ni gbólóhùn tó o fi kádìí ẹ̀, pé bí owó bá tán lójú ọ̀nà, wàá kàn transfer lọ sí ti ìjọba ní 300 level.

Ta ló sọ ìyẹn fún ẹ? Àwọn tó ń wá ọmọ fún fásitì aládàáni yẹn ni, àbí? Ẹnu wọn máa ń dùn lásìkò tí wọ́n bá ń wá ọmọ.

Aládàáni lèmi náà ti bẹ̀rẹ̀, n ò ní dárúkọ wọn. Bàbá mi ń kó sípéà páàtì mọ́tò wọlé láti òkè òkun, ọjà sì ń yá. Nígbà tó di 2016 tí náírà já wálẹ̀, apá wọn ò ká ọjà mọ́. Ó fi máa di ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé-ìwé ò jẹ́ kí n wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Bí owó ò bá wọlé níbẹ̀, orúkọ rẹ ò ní sí nínú àwọn tó máa jókòó, ẹ̀bẹ̀ ò sì wọ̀ ọ́. Bàbá mi ní kí n máa bọ̀ nílé, ká wá ti ìjọba.

Ó rọrùn lẹ́nu. Fásitì tó fẹ́ gbà ẹ́ máa béèrè transcript, ìyẹn ìwé tí gbogbo èsì ìdánwò rẹ wà, wọn ò sì ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ilé-ìwé tó o ti ń bọ̀ ló máa lẹ̀ ẹ́ pa, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ fúnra wọn. Ilé-ìwé tó o bá sì jẹ ní gbèsè ò ní fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ṣé o rí i báyìí? Owó tó lé ẹ kúrò níbẹ̀ náà lo máa kọ́kọ́ san kí wọ́n tó jẹ́ kó o lọ.

Obìnrin tó wà lójú fèrèsé bọ́sárì wọn ń bó ẹ̀pà jẹ lọ́wọ́ nígbà tí mo débẹ̀. Ó fi èékánná tẹ ìlà kan lórí ìwé gbèsè mi: owó fáànù òkè àjà tó bàjẹ́ ní yàrá wa. Fáànù yẹn ò yí rí látọjọ́ tí mo ti wọ yàrá ọ̀hún! Mo sọ fún un. Ó ní kí n lọ bá ọ̀gá tó ń mójú tó họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ọ̀gá yẹn wà ní ìsinmi. Nígbà tó dé, ó ní ọ̀dọ̀ bọ́sárì lọ̀rọ̀ wà. Mo san owó fáànù. A san gbogbo gbèsè tán, registry ní àwọn ò rí fáìlì mi. Wọ́n rí fáìlì, ẹni tó máa fọwọ́ sí i ti lọ ìpàdé. Ó ti ìpàdé dé, èsì kọ́ọ̀sì méjì ò sí níbẹ̀, torí olùkọ́ tó kọ́ wa ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Olùkọ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, èmi ni kí n máa wá èsì kiri! Ìgbà tí transcript máa fi dé ibi tó ń lọ, wọ́n ti ti fọ́ọ̀mù transfer tọdún yẹn pa. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, mo ń nu eruku ara páàtì tẹ́nikẹ́ni ò rà.

Nígbà tí wọ́n wá gbà mí, 200 level ni wọ́n fi mí sí, torí ibẹ̀ ni òpin ẹni tó bá ń transfer lọ́dọ̀ wọn. Kọ́ọ̀sì tí mo ti gba A, wọ́n ní kò bá tiwọn mu, kí n tún un ṣe. Béèrè ti 300 level tó ò ń wí yẹn dáadáa kó o tó gbára lé e. Transfer ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ JAMB. Àwọn kan ń fi èyí ṣeré, ó di ìgbà tí ẹgbẹ́ wọn bá ń lọ sin ilẹ̀ baba wọn kí wọ́n tó mọ̀ pé orúkọ àwọn ò lè dé ọ̀dọ̀ NYSC.

Kì í ṣe pé ti ìjọba dùn bí oyin o. Mo wọlé tán ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, dáṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù kẹta 2020, Kérésìmesì ku ọjọ́ méjì kí wọ́n tó ní àwọn ti dá a dúró. Ní 2022, oṣù kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó di oṣù kẹwàá. Àbúrò mi obìnrin ni ìyẹn bá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di télọ̀ tán. Agric tí wọ́n fún ẹ, ọdún márùn-ún ni, o máa lo ọ̀kan nínú ẹ̀ lóko. Fi ìyanṣẹ́lódì kún un, kó o wò ó.

Ti CAPS, ojú ìkànnì tí JAMB ti ń fún èèyàn ní admission, mo gbà pé o mọ̀ ọ́n lò. Ṣùgbọ́n admission méjì kì í wà lórí ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èwo lo wá rí níbẹ̀? Bó bá jẹ́ lẹ́tà lásán ni ti aládàáni fi ránṣẹ́ sí ẹ, kò tíì di admission títí JAMB á fi gbé e jáde. Má kọ ti ìjọba sílẹ̀ nítorí lẹ́tà.

Nǹkan mìíràn: lójú ọjọ́ kan péré lóṣù karùn-ún 2023, ìjọba fọwọ́ sí fásitì aládàáni tuntun 37. Bóyá tìrẹ wà lára wọn. Béèrè irú ìfọwọ́sí tí NUC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó fásitì, fún Computer Science wọn. Èyí tó bá gba “full”, ọdún márùn-ún ni wọ́n fún un. “Interim” ò ju ọdún méjì lọ. “Ó ti ń bọ̀ lọ́nà” kì í ṣe èsì. Bó bá jẹ́ àwọn tó ń pera wọn ní consultant ló mú ẹ débẹ̀, bi wọ́n bóyá ilé-ìwé ń fún wọn ní nǹkan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kó o máa wo ojú wọn bí wọ́n ṣe ń dáhùn.

Ní ti Houston, n ò ní irọ́ ni bọ̀ọ̀dá yẹn ń pa. Dọ́là tó wó bàbá mi lè sọ owó fásitì di fífúyẹ́ fún wọn. Àmọ́ ilé-ìwé máa ń fowó kún owó, àwọn náà sì láwọn ọmọ tiwọn, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lónìí lè bọ́ lọ́la. Ti ìjọba ní NELFUND báyìí, àjọ ìjọba tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, kò sí nígbà tèmi. Wọ́n ń san owó ilé-ìwé tààrà fún fásitì, wọ́n sì ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ní 20,000 náírà lóṣù láti fi jẹun. Aládàáni ò sí nínú ẹ̀.

Bó bá jẹ́ èmi ni, màá ní kí bọ̀ọ̀dá fi owó ọdún àkọ́kọ́ àti ìdajì tọdún kejì ránṣẹ́ sọ́wọ́ màmá rẹ kí n tó ṣe ohunkóhun. Bówó yẹn bá wọlé, tí NUC sì ti fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì wọn, gba Computer Science rẹ. Bó bá di “ẹ máa rí i láìpẹ́”, lọ ṣe Agric, kó o máa kọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n lè jẹ́ kó o kúrò ní ẹ̀ka kan bọ́ sí òmíràn nínú fásitì kan náà lẹ́yìn 100 level, àmọ́ èrò tó ń wá Computer Science pọ̀, má fi ìyẹn ṣe ìrètí.

Áà, àwọn agbanisíṣẹ́ lo béèrè. Níbi tí mo wà n'Íkẹjà yìí, ohun tí mo lè ṣe àti ìwé NYSC mi ni wọ́n béèrè. Àwọn iléeṣẹ́ kan wà tó ń wo orúkọ o, ṣùgbọ́n orúkọ ilé-ìwé tí o ò bá parí ò wúlò fún wọn. Gba àkọsílẹ̀ owó ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ aládàáni yẹn, pẹ̀lú ti họ́sítẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ àti gbogbo ohun tí wọ́n pè ní dandan, lórí ìwé tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Bí wọ́n bá kọ̀ tí wọn ò fún ẹ, padà wá sọ fún mi.