Rọ́bà ìtọ̀ kò ní kí èèyàn má kírun

Ìbéèrè: Àáfà wa, àsàlámú àléékúmù. Ẹni ọdún 67 ni mí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n yọ prostate mi (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀) nítorí jẹjẹrẹ, wọ́n sì ti ní kí n máa lọ sílé. Rọ́bà ṣì wà lójú ara mi tí ìtọ̀ ń gbà bọ́ sínú àpò kan tí mo so mọ́ itan. Àáfà kan ládùúgbò ní kí n dá ìrun dúró títí wọ́n á fi yọ rọ́bà náà, kí n wá fi àgbò ṣe sàráà dípò àwọn ìrun tó bá lọ. Ẹlòmíràn ní kí n máa fi okùn di rọ́bà náà tí mo bá fẹ́ kírun. Àwọn kan tún ní n kò gbọdọ̀ wọ mọ́sáláṣí. Láti ìgbà tí mo ti dé láti ọsibítù, n kò tíì kírun, ọkàn mi ò sì balẹ̀.

Ìdáhùn: Wà àléékúmù sàlámù, bàbá wa. Ẹ kú ewu iṣẹ́ abẹ. Ọlọ́hun á wo ibi tó kù sàn, á sì fi àìsàn náà pa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ fún yín.

Ibi okùn ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí ìyẹn lè ṣe yín léṣe. Bàbá, ẹ má di rọ́bà yẹn o, ẹ má sì fà á. Nígbà tí àwọn dókítà yọ prostate, ńṣe ni wọ́n rán ẹnu àpò ìtọ̀ inú mọ́ ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde. Ojú rírán yẹn ló ń jinná lọ́wọ́ báyìí. Rọ́bà náà ló ń jẹ́ kí ìtọ̀ máa ṣàn jáde, kó má baà kún kó wá máa ti ibi tí wọ́n rán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń fi í sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, tí wọ́n á sì ní kí àpò tó wà lóde máa wà nísàlẹ̀ ju àpò ìtọ̀ inú lọ. Ẹni tó ní kí ẹ dì í torí àlùwàlá kò mọ ìwòsàn, kò sì mọ ẹ̀sìn.

Láyé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), òkúta fọ́ ọkùnrin kan lórí lójú ìrìn-àjò, ó sì lá àlá tó sọ ìwẹ̀ di dandan fún un. Ó bi àwọn tí wọ́n jọ ń lọ bóyá òun lè ṣe tàyámọ́mù, ìyẹn kó lo iyẹ̀pẹ̀ dípò omi. Wọ́n ní kò sí ìrọ̀rùn fún un níwọ̀n ìgbà tí omi wà. Ó wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó ní: "Wọ́n pa á, kí Ọlọ́hun pa wọ́n! Kí ló dé tí wọn ò béèrè nígbà tí wọn ò mọ̀? Ìbéèrè ni oògùn àìmọ̀kan." Abu Dawud gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Jabir. Mo bẹ àwọn tó ń fẹnu lásán dájọ́ fún aláìsàn, kí wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Ó wá kan àlùwàlá, ibẹ̀ ni ìjà pọ̀ sí. Ní mádíhábù (ìlànà òfin ẹ̀sìn) Ìmáámù Màlíkì tí wọ́n fi kọ́ wa ní ilé kéwú nílẹ̀ Yorùbá, ìtọ̀ tó ń jáde fúnra rẹ̀, tí èèyàn ò lè dá dúró, kì í ba àlùwàlá jẹ́ tó bá ń gba ìlàjì àkókò ìrun tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tiyín, tọ̀sán tòru ló ń kán. Ìtọ̀ tó ń bọ́ sínú àpò yẹn kò ba àlùwàlá yín jẹ́. Ohun tó máa bà á jẹ́ ni ohun tó ń ba ti gbogbo èèyàn jẹ́: ìgbọ̀nsẹ̀, afẹ́fẹ́ ìdí, oorun àsùnwọra.

Àwọn ọ̀dọ́ wa kan á ní dandan ni kí ẹ ṣe àlùwàlá tuntun nígbàkígbà tí àkókò ìrun kan bá wọlé. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, òun làwọn onímímọ̀ mádíhábù mẹ́ta yòókù ń sọ. Wọ́n gbé e lé ọ̀rọ̀ Fatima ọmọ Abu Hubaysh tí ẹ̀jẹ̀ kì í dá lára rẹ̀, tí Ànábì sọ fún pé iṣan ni ẹ̀jẹ̀ náà ti ń wá, kì í ṣe nǹkan oṣù, kó máa ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan, kó sì máa kírun. Àwa gbà pé ó dára kí ẹ ṣe é, kì í ṣe dandan. Bó ṣe wà nínú Risala, ìwé òfin mádíhábù Màlíkì, náà nìyẹn: a fẹ́ ẹ fún ẹni tí ìtọ̀ kì í dá lára rẹ̀ pé kó ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan. Tí agbára bá wà, ẹ ṣe é, bàbá. Tí ara bá ń ro yín, tí kò sẹ́ni tó máa bomi fún yín, àlùwàlá tí ẹ fi kí Àílà tó fún Àsárì. Kí ẹnikẹ́ni má sọ èyí di ohun tí a ó fi máa pe ara wa ní aládàádáálẹ̀.

Kí ẹ tó kírun, ẹ da ohun tó wà nínú àpò nù, ẹ fọ ibi tó bá ta sí lára, ẹ pààrọ̀ aṣọ tó bá tutù tí kò bá ni yín lára. Èyí tó bá kán lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀sìn ti mójú kúrò níbẹ̀. Ẹ má sì sáré lọ bá iyẹ̀pẹ̀: àlùwàlá kò dé ikùn, omi ò ní kan egbò yín.

Nípa ìdúró, Imran ọmọ Husayn ní jẹ̀díjẹ̀dí, ó béèrè bí òun ó ṣe máa kírun. Ànábì ní: "Kí i lórí ìdúró, tí o ò bá lè ṣe é, kí i lórí ìjókòó, tí o ò bá lè ṣe é, kí i lórí ẹ̀gbẹ́." Tí ẹ bá lè dúró ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè tẹ̀ nítorí ojú iṣẹ́ abẹ, ẹ dúró, ẹ fi orí júwe rúkúù, kí ẹ wá jókòó fi orí júwe sùjúdù. Mò ń rí àwọn tó ń gbé ìrọ̀rí lórí tábìlì síwájú aláìsàn kó lè fi iwájú orí kàn án. Ẹ gbé e kúrò. Ibn Umar, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, sọ nínú Muwatta, ìwé Ìmáámù Màlíkì, pé kí aláìsàn tí kò lè forí kanlẹ̀ fi orí júwe, kó má gbé ohunkóhun sókè sí iwájú orí rẹ̀.

Àwọn tó ní kí ẹ má wọ mọ́sáláṣí, ṣé wọ́n mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Ànábì jókòó ìtikááfì (ìfarapamọ́ fún ìjọsìn) ní mọ́sáláṣí nígbà tí ẹ̀jẹ̀ àìsàn ń dà lára rẹ̀? Wọ́n tilẹ̀ máa ń gbé àwo sábẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń kírun. Aisha ló sọ ọ́, ó wà nínú Bukhari. Níwọ̀n ìgbà tí àpò yín kò bá jò, ẹ lè wọlé. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí egbò ṣì tutù, Jímọ̀ kì í ṣe dandan fún yín. Ẹ kí Àílà nílé. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa ń ṣe ìmáámù, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á fún ìgbà díẹ̀, nítorí a kórìíra kí ẹni tí ìtọ̀ kì í dá lára rẹ̀ máa síwájú àwọn tí ara wọn le.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ rọ́bà, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín tó bá ń jò nígbà tí ẹ bá wúkọ́, tí ẹ bá rẹ́rìn-ín tàbí tí ẹ bá dìde. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin, fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan. Ìgbà yẹn ni ìdájọ́ lè yí padà: tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń kán láàárín àkókò ìrun, ó ba àlùwàlá jẹ́ nìyẹn, ẹ tún un ṣe. Ẹ wo ìgbà tí ara máa ń gbẹ, kí ẹ kírun nígbà náà. Ìdárayá tí dókítà bá kọ́ yín láti máa fún iṣan abẹ́ bí ẹni tó ń mú ìtọ̀ mọ́ra, ẹ máa ṣe é.

Ti àgbò wá kù. Àgbò kì í bá èèyàn kírun. Ànábì sọ pé ẹni tó bá gbàgbé ìrun kan, kó kí i nígbà tó bá rántí, kò sí ohun mìíràn tó lè pa á rẹ́. Ta ló wá rí sàráà fi kún un? Ẹ má fún àáfà yẹn ní kọ́bọ̀. Ní ti pé kí ẹ dá ìrun dúró, Ìmáámù Màlíkì gbà á wá pé lẹ́yìn tí wọ́n gún Umar, arólé Ànábì kejì, lọ́bẹ, wọ́n jí i fún Àsùbáà. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ìpín nínú Ìsìláàmù fún ẹni tó bá pa ìrun tì," ó sì kírun nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójú ọgbẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, bàbá, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrun tí àkókò rẹ̀ bá wọlé lónìí. Àwọn tó ti lọ, ẹ san wọ́n padà ní títẹ̀léra bí wọ́n ṣe lọ, iye tí agbára yín bá gbé lójúmọ́. Tí iye wọn ò bá dá yín lójú, ẹ kí i títí ọkàn yín á fi balẹ̀ pé kò kù. Ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀ kọ ìrun, wọ́n ṣì yín lọ́nà ni, Ọlọ́hun sì ni Aláforíjìn.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.