Má fi kílámpù tẹ písítìnì ẹ̀yìn MX-5

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds ni mò ń gbé, mo sì ní Mazda MX-5 ọdún 1992, ẹ́ńjìnnì 1.6. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi pààrọ̀ páàdì bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀. Ti iwájú ò yọ mí lẹ́nu rárá, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn yìí, mo fi kílámpù tẹ písítìnì títí, kò wọlé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní caliper, ìyẹn irin tó gbé písítìnì àti páàdì dání, ti kú, kí n ra méjèèjì tuntun. Ẹlòmíràn ní kí n tú ibi tí wọ́n ti ń fa afẹ́fẹ́ jáde, kí n wá fagbára kún un. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì?

ÌDÁHÙN: Má ṣe ìkankan. Kọ́kọ́ yọ kílámpù yẹn kúrò lára ọkọ̀ ná, àbúrò mi, kí o tó ka ìyókù.

Ìbéèrè yìí kan náà ni wọ́n ń bi mí ṣáá, ó sì máa ń dùn mí, nítorí owó caliper méjì kì í ṣe owó kékeré, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń yọ dànù ni kò sí nǹkan kan tó ṣe é. N kò fojú rí ọkọ̀ tìrẹ, nítorí náà n kò lè búra pé ara rẹ̀ dá. Ṣùgbọ́n pé písítìnì ẹ̀yìn MX-5 ò gbà kí kílámpù tẹ òun wọlé, ìyẹn kì í ṣe àmì pé ó ti bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Ní iwájú, ọ́ìlì bíréèkì nìkan ló ń ti písítìnì. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ padà, ọ́ìlì náà á gba inú páìpù padà lọ sínú ike rẹ̀, ó parí. Iṣẹ́ méjì ni caliper ẹ̀yìn ń ṣe. Ó ń gba àṣẹ lọ́dọ̀ ẹsẹ̀ rẹ, ó tún ń gba àṣẹ lọ́dọ̀ hándíbíréèkì. Bí o bá fa hándíbíréèkì, wáyà rẹ̀ á fa apá irin kékeré kan tó wà lẹ́yìn caliper, apá irin yẹn á ti irin oníṣíkúrù kan tó wà nínú, irin náà ni yóò wá ti písítìnì. Bí páàdì sì ṣe ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ṣíkúrù náà ń gùn sí i fúnra rẹ̀, kí hándíbíréèkì má bàa dẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kílámpù rẹ fi ń já kulẹ̀: irin ló ń tẹ̀, kì í ṣe ọ́ìlì. Ṣe ni ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì.

Bí o bá wá fagbára kún un, nǹkan kan lè ṣẹ́ nínú ẹ̀rọ yẹn. Ìgbà náà ni caliper yóò kú lóòótọ́. Èyí tó ní kí o tú ibi afẹ́fẹ́ pẹ̀lú, ọ́ìlì ni yóò dà sílẹ̀ lásán, afẹ́fẹ́ á sì wọlé, nítorí ọ́ìlì kọ́ ló dí písítìnì lọ́nà. Àwọn kan á tún ní kí o ra irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gba iwájú yí písítìnì. Ó wúlò fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Kò wúlò fún èyí.

Ohun tí o nílò kò ju Allen key 4 mm lọ, irin kékeré onígun mẹ́fà tí wọ́n ń tì bọ inú ihò ṣíkúrù. Wo ẹ̀yìn caliper, apá tó kọjú sí abẹ́ ọkọ̀. Wàá rí bóòtù kan tí sípánà 14 mm ń tú, tí kò jọ pé ó ń ṣe iṣẹ́ kankan. Ìdérí ni. Tú u, ti Allen key bọ inú ihò tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí o sì máa yí i sí apá òsì. Písítìnì á máa wọlé jẹ́jẹ́, láìlo agbára. Bí ó bá ń jáde dípò kó wọlé, òdìkejì lò ń yí i sí. Kí ọ́ìlì má sì jáde níbẹ̀ o. Bí ọ́ìlì bá jáde, bóòtù họ́ọ̀sì, rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì wá, lo tú yẹn. Dá a padà kíákíá, kí o sì pe mẹkáníìkì.

Kí gbogbo èyí tó ṣeé ṣe, hándíbíréèkì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Èyí léwu, nítorí táyà ẹ̀yìn ló ń wa MX-5: bí ẹ̀yìn bá ti wà lókè tí hándíbíréèkì sì wà nísàlẹ̀, jíà pàápàá ò lè dá ọkọ̀ dúró. Fi igi tàbí òkúta há táyà iwájú méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn. Gbé ọkọ̀ lé sítáńdì, má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Má sì ti jáàkì sábẹ́ irin gígùn tó so àpótí jíà pọ̀ mọ́ difuréńṣà, ẹ̀rọ tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Alumíníọ̀mù ni, á wọ́.

Ti páàdì fúnra rẹ̀ ò gba àlàyé púpọ̀. Ti 1.6 yàtọ̀ sí ti 1.8, nítorí díìsìkì ẹ̀yìn 1.8 (irin pẹlẹbẹ tí páàdì ń há mọ́ra) tóbi jù ú lọ, nítorí náà gbé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògbólógbòó kí o fi wé e kí o tó tú ọjà náà tán. Ọ̀tún àti òsì ni kí o pààrọ̀ pọ̀. Má fẹnu fẹ́ eruku bíréèkì. Má jẹ́ kí caliper so rọ̀ sára họ́ọ̀sì. Gírísì tí kì í jẹ rọ́bà ni kí o fi pa pínnì tí caliper ń rìn lórí rẹ̀. Kí o sì máa yọjú wo ike ọ́ìlì bíréèkì bí písítìnì ṣe ń wọlé. Bí ó bá kún dà sílẹ̀, á bó ọ̀dà ọkọ̀.

Ibi tí àwọn tó mọ ti Allen key pàápàá ti ń kùnà rèé. Lẹ́yìn tí páàdì tuntun bá ti wọlé, yí Allen key yẹn sí apá ọ̀tún títí ọwọ́ rẹ ò fi ní lè yí díìsìkì mọ́. Lẹ́yìn náà, dá a padà sí òsì ní ìdá kan nínú mẹ́ta yíyípo kan. Díìsìkì gbọ́dọ̀ máa yí fàlàlà. Dá bóòtù ìdérí padà. Ẹni tó bá fo èyí, hándíbíréèkì rẹ̀ á ga lọ sókè láìmú ọkọ̀, yóò wá lọ máa fún wáyà nínú ọkọ̀ mọ́ra. Wáyà tó le jù kì í jẹ́ kí apá irin ẹ̀yìn caliper padà síbi ìsinmi rẹ̀, bí kò bá sì padà, ṣíkúrù inú ò ní lè máa gùn bó ṣe yẹ. Caliper ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe. Wáyà ló kẹ́yìn.

Ṣé caliper ẹ̀yìn kì í kú ni? Ó ń kú, pàápàá ní Bìrìtìkó níbi tí wọ́n ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù. Apá irin yẹn ni yóò sọ fún ọ. Jẹ́ kí ẹnì kan fa hándíbíréèkì kó sì tú u sílẹ̀, kí o máa wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá padà wàrà, ara rẹ̀ dá. Bí ó bá dúró lágbede méjì, tí o fi ọwọ́ tì í kó tó lọ, tàbí tí Allen key kọ̀ láti yí lẹ́yìn tí o ti fi ọ́ìlì tú ìpẹtà, má jà á. Orí ihò náà á bó. Caliper yẹn ló yẹ ní rírà, èyí tó bàjẹ́ nìkan.

Kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, tẹ pẹ́dà bíréèkì léraléra títí yóò fi le. Bí ó bá ṣì ń rì lẹ́yìn ìyẹn, má wà á jáde rárá. Bí ó bá ti le, rọra wà á ní ibi tí èrò ò sí, kí o sì gbé ọwọ́ súnmọ́ táyà ẹ̀yìn méjèèjì nígbà tí o bá dé, láì fọwọ́ kan irin. Bí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì lọ ní kedere, yí Allen key ti ìhà yẹn sí òsì díẹ̀ kí o tún un wò. Bí gbígbóná náà kò bá dínkù, gbé e lọ fún mẹkáníìkì.