Gbé ìwé náà lọ síbi tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀

Àbúrò, o ní o fẹ́ máa kó ìwé àtijọ́ jọ, o tún ń béèrè bóyá kì í ṣe wèrè ni kéèyàn máa tìtorí ìwé wa mọ́tò láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ sí Kétu, lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́. Wèrè díẹ̀ wà ńbẹ̀ o, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ó ti lé lọ́dún 15 tí mo ti ń ṣe é, adùn ẹ̀ ò tíì kúrò lẹ́nu mi, ojú mi kàn ti rí nǹkan ni.

Jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn mí jù. Tíṣà àgbà kan kú ládùúgbò wa, àwọn ọmọ ẹ̀ ń palẹ̀ ilé mọ́, wọ́n ní kí n mú páálí ìwé kan ní 5000 fàráǹ kí wọ́n má baà sun ún. Mo yọjú wò ó, mo rí nọ́ńbà mẹ́ta nínú Études dahoméennes, ìwé àtìgbàdégbà tí IFAN, ilé ìwádìí Faransé nípa Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní Àjàṣẹ́ níbí ní 1948, ayọ̀ ò jẹ́ kí n yẹ ìyókù wò, mo kàn lọ tò ó sáàárín àwọn tèmi lórí pákó tó fara ti ògiri. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mo fa ìwé kan yọ, èèpo ẹ̀ nìkan ló tẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ikán! Wọ́n ti jẹ inú ẹ̀ tán, wọ́n fi èèpo sílẹ̀ bí ẹni tó jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó fi ewé sílẹ̀. Ìwé 17 ló bá a lọ.

Láti ọjọ́ náà, pákó ìwé mi ò kan ògiri mọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì ga kúrò nílẹ̀. Ní ti àwọn kòkòrò kéékèèké àtẹyin wọn, ìwé tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, inú náílọ́ọ̀nù méjì ni mo máa ń dì í sí, màá so ó pinpin, ó di inú fìríísà fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí mo bá gbé e jáde mi ò ní tú u títí òtútù ara ẹ̀ á fi lọ, torí bí o bá tètè tú u, omi á sẹ̀ sí i lára. Ìyàwó mi ní ẹja òun ti ń gbóòórùn ìwé, ìwé mi náà sì ń gbóòórùn ẹja, jàre, a ti gbà bẹ́ẹ̀. Má sì fi skọ́ọ̀ṣì, téèpù tó ń lẹ̀ yẹn, lẹ ewé tó ya láé, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á sì ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tá à ń pè ní librairie par terre. Tó o bá rí Dahomey tí wọ́n kọ ọ́ bí orúkọ orílẹ̀-èdè wa, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ kí orúkọ yẹn tó yí padà di Benin lọ́jọ́ 30 oṣù kọkànlá 1975. Tí òǹtẹ̀ ilé ìkàwé bá wà lára ẹ̀, tí kò sí àmì pé wọ́n yọ̀ǹda ẹ̀, fi í sílẹ̀ fún olówó ẹ̀.

Wàyí o, ọ̀nà. Láti Àjàṣẹ́ lọ sí Kétu, gba Sákété, gba Pọ́bẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí lórí ọ̀pẹ láti 1922, ọ̀pẹ lọ́tùn-ún, ọ̀pẹ lósì, ilẹ̀ pupa fòò, má sáré, ní ti Ọlọ́run. Ìwé tí mo gbé dání lọ́jọ́ kan ni èyí tí Parrinder, míṣọ́nárì Mẹ́tọ́díìsì, kọ nípa Kétu, tí wọ́n tẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1956. Mo jókòó nítòsí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ yẹn, mo ń ka ibi tí ìjọba ọba Dahomey àtijọ́ ti pa ìlú náà run ní 1886. Bàbá kan ní, "Kí ló wí?" Mo ń túmọ̀ ẹ̀ fún un, àmọ́ bí mo bá ti pe orúkọ èèyàn kan, bàbá á ní rárá, á pè é bó ṣe yẹ, torí kò sí àmì ohùn nínú ìwé yẹn, bó ṣe wá sẹ́nu mi ni mo ń pè é. Mo mú pẹ́ńsù, mo kọ gbogbo ẹ̀ sétí ìwé. Ẹni tó ń ra ìwé máa ní mo ti bà á jẹ́. Kò kàn án, mi ò tà á.

Ṣábẹ̀ẹ́ ńkọ́? Mo gba Bọ̀híkọ̀n àti Ìdààṣà, àwọn òkè òkúta yẹn á kàn yọ sí ẹ lójijì, dúdú, kìrìbìtì. Mi ò rí ìwé kankan rà níbẹ̀ àfi lọ́wọ́ alákàrà. Mo tú àkàrà, mo rí i pé ewé ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àgbàlagbà ní Yorùbá kíkà ló fi wé e, irú èyí tí wọ́n fi ɛ àti ɔ kọ, kì í ṣe ẹ àti ọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ta ìyókù fún mi, ó ní kí lòun á wá fi wé àkàrà? Ni mo bá ra gbogbo àkàrà tó kù, mo gba ìwé mọ́ ọn, gbogbo wa nínú mọ́tò la jẹ àkàrà títí a fi dé Àjàṣẹ́. Ojú ewé 31 ló kù nínú ẹ̀, òróró ti rin méjì. Tó o bá rí ìyókù níbìkan, sọ fún mi o.