Má jẹ́ kí wọ́n kun mọ́tò Matchbox bàbá rẹ ní ọ̀dà

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní ẹ ń palẹ̀ yàrá bàbá yín tó dolóògbé mọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ bá bá báàgì kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù, tí mọ́tò wẹ́wẹ́ onírin kún inú rẹ̀, àwọn tí bàbá rà nígbà tí wọ́n ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀dà ti bó lára àwọn kan, àwọn míì ṣì wà nínú páálí wọn. Ẹnì kan ní kó o gbé wọn fún àwọn tó ń fọ́n ọ̀dà sára mọ́tò kí wọ́n lè tà dáadáa. Ẹlòmíì ní mílíọ̀nù ló wà nínú báàgì yẹn. O wá ní kí ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ gbà ọ́ nímọ̀ràn.

Má jẹ́ kí oníṣẹ́ ọ̀dà fọwọ́ kàn wọ́n o. Ti mílíọ̀nù, a máa débẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra àwọn mọ́tò yìí ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, pàápàá lọ́jà tí wọ́n ń pè ní car boot, níbi táwọn èèyàn ti ń ṣí búùtù mọ́tò wọn láàárọ̀ Sunday tí wọ́n sì ń pàtẹ ẹrù ilé wọn fún títà. Mo ti rà, mo ti tà, wọ́n sì ti lù mí ní jìbìtì rí. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó ń kó wọn jọ ń wá ohun tí ilé iṣẹ́ ṣe, kì í wá ohun tí èmi àti ìwọ fi kún un. Mọ́tò tí ọ̀dà rẹ̀ ti họ, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ọ̀dà ọdún 1962 ló ṣì wà lára rẹ̀, á rí ẹni tó máa rà á. Èyí tí wọ́n tún kùn tó ń dán yinrin, ńṣe ni wọ́n á yí abẹ́ rẹ̀ sókè. Ibi tí wọ́n ti tẹ irin pa láti fi so abẹ́ mọ́ ara mọ́tò ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Bí ọ̀dà bá bò ó, tàbí tí wọ́n bá rí i pé ẹnì kan ti lu ihò síbẹ̀ láti tú u, wọ́n á rọra gbé e sílẹ̀, wọ́n á kí ọ pé ó dàbọ̀.

Kó o lè mọ ohun tó o ń wò, jẹ́ kí n sọ ibi tí wọ́n ti wá. Lọ́dún 1947, àwọn ọ̀rẹ́ méjì kan, Leslie Smith àti Rodney Smith, dá ilé iṣẹ́ Lesney sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ ìdílé wọn bára mu, àmọ́ wọn kì í ṣe ẹbí. Jack Odell dara pọ̀ mọ́ wọn, òun ló mọ iṣẹ́ dída irin sínú àpẹẹrẹ lámọ̀dunjú. Ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe fún àwọn ilé iṣẹ́ míì kí wọ́n tó bọ́ sídìí ohun ìṣeré ọmọdé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dé Ọbabìnrin Elizabeth ládé lọ́dún 1953, wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kékeré tí ọbabìnrin máa gùn lọ́jọ́ náà, èyí tó tà sì lé ní mílíọ̀nù kan. Kẹ̀kẹ́ ńlá kan tún wà ṣáájú ìyẹn tí ìtàn rẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ṣe ère Ọba George Kẹfà àti ìyàwó rẹ̀ sínú rẹ̀, ni ọba bá wàjà lọ́dún 1952. Wọ́n gé ère ọba kúrò, àmọ́ láti ìbàdí sókè ni wọ́n gé e. Ẹni tó bá yọjú wo inú kẹ̀kẹ́ yẹn dáadáa, á rí ẹsẹ̀ ọba tó ṣì jókòó ti ọbabìnrin.

Ti Matchbox gan-an, ọmọ Odell ló dá a sílẹ̀ láìmọ̀. Níléèwé ọmọbìnrin yẹn, wọn kì í jẹ́ kí ọmọ mú ohun ìṣeré wá àfi èyí tó bá lè wọ inú páálí ìṣáná. Bàbá rẹ̀ bá fi idẹ ṣe róólà tó ń tẹ títì, ó kéré débi pé ó wọ inú páálí ìṣáná, ló bá dà bíi pé gbogbo ọmọ iléèwé ló fẹ́ ní tiwọn. Róólà ló di nọ́mbà 1. Wọ́n ń ka nọ́mbà lọ títí dé 75, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Tí mọ́tò tuntun bá jáde, ó máa gba nọ́mbà èyí tí wọ́n kò ṣe mọ́. Ìdí nìyẹn tí nọ́mbà nìkan kò fi sọ ohunkóhun fún ọ. Nọ́mbà kan náà lè jẹ́ mọ́tò mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Abẹ́ mọ́tò àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kó o máa wò. Tó o bá rí i tí wọ́n kọ Lesney àti Made in England sábẹ́ rẹ̀, inú rẹ lè dùn díẹ̀. Àwọn tó jáde ṣáájú, irin ni ẹsẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ike aláwọ̀ eérú, lẹ́yìn ìyẹn ló di ike dúdú. Tó bá jẹ́ pé àárín ọdún 1960 sí 1969 ni bàbá rẹ wà níbí, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ike ló máa pọ̀ jù nínú báàgì yẹn. Lọ́dún 1968, àwọn Mattel láti Amẹ́ríkà gbé Hot Wheels jáde, mọ́tò tó ń sáré ju ti Matchbox lọ fíìfíì. Lesney kò rójú sùn mọ́, wọ́n sáré pààrọ̀ ẹsẹ̀ mọ́tò wọn lọ́dún 1969, wọ́n pe tuntun náà ní Superfast, irin tín-ín-rín ló so ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Lọ́dún 1982, ilé iṣẹ́ náà wọ gbèsè, àwọn ará Hong Kong sì rà á. Àwọn tí wọ́n kọ Macau, Thailand tàbí China sábẹ́ wọn, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n jáde. Mattel tó lé wọn sáré nígbà yẹn náà ló ni Matchbox báyìí, láti ọdún 1997. Ayé!

Àwọ̀ náà ṣe pàtàkì, ibẹ̀ lowó sì máa ń sá pamọ́ sí. Nọ́mbà 8, Ford Mustang: funfun ló wọ́pọ̀, ó kún ìgboro. Ọ̀kan náà gan-an tó bá jẹ́ aláwọ̀ ọsàn, àwọn tó mọ̀ á dá ọjà sílẹ̀ torí rẹ̀. Nọ́mbà 75, Ferrari Berlinetta, èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé ló pọ̀, pupa ló ṣọ̀wọ́n. O wá rí ohun tí oníṣẹ́ ọ̀dà lè bà jẹ́ fún ọ? Tó bá fi ọ̀dà tuntun bo àwọ̀ tó ṣọ̀wọ́n, kò sẹ́ni tó máa gbà ọ́ gbọ́ mọ́.

Páálí ńkọ́? Má da ọ̀kankan nù, kódà èyí tó ti ya. Páálí àkọ́kọ́ dà bíi ti ìṣáná lóòótọ́, yẹ́lò àti búlúù, wọ́n sì kọ Moko sára àwọn tó pẹ́ jù, torí Moko ló ń bá wọn tà á nígbà yẹn. Má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya. Mọ́tò tó bá ní páálí tirẹ̀ lè gba ìlọ́po owó èyí tí kò ní, ìyẹn ló sì fà á táwọn oníjìbìtì fi ń tẹ páálí tuntun. Ọkùnrin kan ta ọ̀kan fún mi níbi ìpàtẹ ohun ìṣeré àtijọ́, ó ní inú àjà ilé ìyá òun ló ti wá. Nígbà tí mo délé, mo fi tọ́ọ̀ṣì ultraviolet tàn án, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ owó wò bóyá ayédèrú ni. Páálí náà tàn yòò, ó funfun bí ẹyin. Bébà òde òní máa ń tàn bẹ́ẹ̀ torí kẹ́míkà tí wọ́n ń fi sí i kó lè funfun. Páálí àtijọ́ máa ń ṣú ni. Inú páálí tiẹ̀ tún funfun, bẹ́ẹ̀ eérú tàbí búráùn ló yẹ kó jẹ́. Látìgbà yẹn, tọ́ọ̀ṣì yẹn kì í kúrò lápò mi, bí ẹni tó ń tajà bá sì bínú pé mò ń tan iná sí ọjà òun, mo mọ̀ pé kò sí ọjà láàárín wa.

Fífọ̀ rẹ̀ kò le. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọwo ẹ̀kán kan, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀, ó parí. Má rì í sínú omi, torí irin tó so ẹsẹ̀ pọ̀ máa ń dípẹtà. Tó bá ní bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára, bíi bọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ BP Visco-Static sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, má jẹ́ kí omi kàn án rárá. Aṣọ gbígbẹ ni kó o fi nù ún. Nù ún gbẹ kíá. Sáńpépà, kẹrosín, bílíìṣì, gbogbo ìyẹn kò kàn án.

Ìjẹ̀bú-Òde tó o wà ló ń bà mí lẹ́rù ju ọ̀dà lọ. Ọ̀rinrin ìgbà òjò máa ń jẹ irin, aáyán máa ń jẹ páálí torí gúlúù ara rẹ̀, ti ikán kò wá ṣeé sọ. Kó wọn sínú ike onídèérí, da àwọn àpò kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí i, àwọn tí wọ́n ní kéèyàn má jẹ. Fi bébà pẹlẹbẹ funfun wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Má fi fóòmù wé wọn, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tó bá pẹ́. Má gbé wọn sí ojú oòrùn, àwọ̀ á ṣá. Má sì jẹ́ kí ọmọ kékeré fi sẹ́nu: òjé lè wà nínú ọ̀dà ayé ìgbà yẹn.

Bó o bá rí Dinky, ìyẹn mọ́tò wẹ́wẹ́ ilé iṣẹ́ míì, tó ti wà ṣáájú ogun Hitler nínú wọn, tó ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó sì ń wú, gbé e sọ́tọ̀ jẹ́jẹ́. Òjé ló dà pọ̀ mọ́ síǹkì tí wọ́n fi dà á. Á máa jẹ ẹ́ láti inú títí á fi fọ́ sí wẹ́wẹ́. Kò lóògùn. Kì í ran àwọn tó kù, ohun yòówù káwọn èèyàn sọ. Bó bá sì jẹ́ mọ́tò Corgi (ilé iṣẹ́ míì nìyẹn náà) aláwọ̀ góòlù lo rí, Aston Martin ti James Bond tó jáde lọ́dún 1965, tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó o wò ó bóyá ọkùnrin tó jókòó nínú rẹ̀ ṣì wà. Òrùlé á ṣí, á fò jáde. Ọmọ tó kọ́kọ́ ní i ló sábà máa ń sọ ọ́ nù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wo inú páálí náà, wọ́n máa ń fi ọkùnrin kan sí i ní àfikún nínú àpò ìwé kékeré kan.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Èyí tó pọ̀ jù nínú báàgì yẹn, táwọn ọmọ ti fi ṣeré, tí kò sì ní páálí, pọ́ùn méjì mẹ́ta ni wọ́n ń ra irú wọn níbí. Lórí eBay, má wo iye táwọn èèyàn ń pè é. Ẹnikẹ́ni lè pè é ní iye tó wù ú. Èyí tó ti tà ni kó o ní kí wọ́n fi hàn ọ́. Ẹni tó bá mọyì wúrà là ń tà á fún, nítorí náà, bí ọ̀kan bá ṣọ̀wọ́n gan-an, ilé gbàǹjo tó mọ̀ nípa ohun ìṣeré ni kó o gbé e lọ, bíi Vectis ní àgbègbè Stockton-on-Tees ní England níbí. Wọ́n á yọ tiwọn nínú owó náà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá a gan-an ni wọ́n máa ń wá síbẹ̀.

Àwọn tó kù, èmi ò bá má tà wọ́n. Ní Òkè-Àdó tí mo dàgbà sí n'Ìbàdàn, agolo mílíìkì la fi ń ṣe mọ́tò tiwa. A ó gé sílípáàsì tó ti gbó roboto ṣe táyà, a ó so okùn mọ́ ọn níwájú, a ó máa wọ́ ọ kiri. Ọmọ kan wà lójúlé kejì wa tí bàbá rẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé, tó ní bọ́ọ̀sì Matchbox pupa onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn án àfi ká kọ́kọ́ fún un ní gúgúrú. Irú bọ́ọ̀sì yẹn ni mo kọ́kọ́ rà nígbà tí mo dé ibí. Ó wọ́pọ̀, ọ̀dà rẹ̀ ti họ, kò sì sí fún títà. Mọ́tò agolo wa ni mi ò rí rà níbì kankan.

Kéréènì tó o mẹ́nu bà nísàlẹ̀ ìbéèrè rẹ ni mo fẹ́ rí. O ní nọ́mbà 30 ni, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, ó sì jọ búráùn lójú rẹ. Àwọ̀ ewé ni èyí tó wà káàkiri. Búráùn ṣọ̀wọ́n débi pé àwọn tó ti ń kó mọ́tò jọ látọjọ́ pípẹ́ ò tíì fojú kàn án rí. Àwọ̀ ewé tí eruku ti bò lè jọ búráùn lábẹ́ gílóòbù, nítorí náà gbé e síta láàárọ̀, ya fọ́tò ara rẹ̀ àti abẹ́ rẹ̀, kó o fi ránṣẹ́ sí mi. Má tíì fọ̀ ọ́. Bó bá sì jẹ́ òun ni lóòótọ́, má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́; kí ẹni tó ń bọ̀ níbí gbé e sínú báàgì tó máa gbé dání wọ ọkọ̀ òfúrufú.